Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ lórí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìwádìí èdè kọ̀ǹpútà láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin

Kí ni ìwádìí lórí tíọ́rì èdè kọ̀ǹpútà?

Èdè kọ̀ǹpútà ni èdè tí a fi ń kọ ètò tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé: Python, Java, C àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó ń kọ ètò ń lo èdè náà. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí tíọ́rì rẹ̀ ń yẹ èdè náà fúnra rẹ̀ wò, bí onímọ̀ gírámà ṣe ń yẹ Yorùbá wò. Ó ń bèèrè ohun tí gbólóhùn kan túmọ̀ sí ní pàtó, irú àṣìṣe tí èdè náà lè ká mọ́ ẹni tó ń kọ ètò lọ́wọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, àti bí a ó ṣe fi ẹ̀rí hàn pé compiler, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ sí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, kò yí ìtumọ̀ padà lójú ọ̀nà.

Ìṣètò sọ́fítíwíà ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìṣètò sọ́fítíwíà ń wo bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ńlá sí yàrá-yàrá, kí àtúnṣe yàrá kan má baà wó ògiri èkejì. Ìpàdé tí àjọ NATO ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Garmisch, ní Jámánì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí ibi tí ẹ̀ka yìí ti gba orúkọ. Ohun tó kó wọn jọ níbẹ̀ kò ṣàjèjì: sọ́fítíwíà ń pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá fún un, ó ń gba owó ju èyí tí a pinnu, kì í sì í ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe.

Kí ló fà á tí irú ìwádìí yìí kì í fi í dúró sí orílẹ̀-èdè kan?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1958, ènìyàn mẹ́jọ pàdé ní Zurich, ní Switzerland: mẹ́rin tí ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, rán, mẹ́rin tí GAMM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, rán láti àgbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì. Wọ́n fẹ́ gbé èdè kan kalẹ̀ tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kankan kò ní lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Èdè náà di ALGOL. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1960, àwọn mẹ́tàlá pàdé ní Paris láti tún un ṣe, Peter Naur, ọmọ Denmark, sì ni olóòtú ìjábọ̀ wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ gírámà èdè náà sílẹ̀ nínú ìjábọ̀ yẹn, tí a mọ̀ sí BNF, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ́ títí di òní.

Ohun tó dá ìpàdé Zurich dúró fún ìgbà díẹ̀ kò ju àmì kékeré kan lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi àmì ìdánudúró ya ìdá nọ́ńbà sọ́tọ̀, àwọn ará Yúróòpù ń fi kọ́mà ṣe é, ọ̀kan nínú wọn sì fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì pé òun kò ní fi àmì ìdánudúró kọ nọ́ńbà láé. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìgolò, létí ààlà Benin àti Nàìjíríà, mọ irú ìjà yìí dáadáa: ní ìhà tiwa, 2,5 ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ, bó bá sọdá sí Ìdìròkò, 2.5 ni. Ojútùú tí wọ́n rí ni pé wọ́n pín èdè náà sí ìpele mẹ́ta, ọ̀kan fún àlàyé ìtumọ̀, ọ̀kan fún ìtẹ̀wé, ọ̀kan fún ẹ̀rọ. Olúkúlùkù lè lo àmì tirẹ̀ ní ìpele méjì tó kẹ́yìn, níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ bá bá ti àkọ́kọ́ mu. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wúlò tó èyí nínú ìtàn ẹ̀ka wa.

Èdè Haskell náà jáde láti inú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí pàdé ní Portland, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987, èdè tó jọra wọn ju méjìlá lọ ti wà káàkiri ilé-ẹ̀kọ́, kálukú sì ń ro oko tirẹ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti sọ wọ́n di ọ̀kan, ìjábọ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1990.

Ṣé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń dá èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀?

Rárá. Ní ọdún 1993, àwọn mẹ́ta ní fásitì PUC-Rio, ní Rio de Janeiro ní Brazil, Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes, dá Lua sílẹ̀. Kí ẹ bi àwọn ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ṣì rántí Potogí díẹ̀ ní ohun tí «lua» jẹ́: òṣùpá ni. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn oníbàárà wọn nílé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe láti fi han ayé, ṣùgbọ́n lónìí ó wà nínú àìmọye eré orí kọ̀ǹpútà. Ruby wá láti Japan ní ọdún 1995. Ọmọ Brazil náà ni José Valim tó dá Elixir sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Kíkà rẹ̀ jẹ́ dandan, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àpilẹ̀kọ ẹ̀ka yìí. Sísọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn kì í ṣe dandan. Nínú àwọn àpéjọ tí mo ti jókòó sí, ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Japan, ẹni tó ń sọ ọ́ bí ará Ítálì àti ẹni tó ń sọ ọ́ bí ará Àjàṣẹ́ máa ń gbọ́ ara wọn yé.

Faransé tí a kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ kò sì ṣòfò. Ilé ìwádìí Inria ní ilẹ̀ Faransé ni èdè OCaml ti jáde ní ọdún 1996, ibẹ̀ náà sì ni Thierry Coquand àti Gérard Huet ti bẹ̀rẹ̀ Coq ní ọdún 1984, ohun èlò tó ń yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé mọ̀ pé àkùkọ ni «coq». Wọ́n ti yí i padà sí Rocq báyìí, torí bí orúkọ náà ṣe ń dún létí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. CARI, àpérò Áfíríkà lórí ìwádìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yaoundé ní ọdún 1992, ń gba iṣẹ́ ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó rọrùn fún àkọ́kọ́ iṣẹ́ ẹni.

Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló sún mọ́ wa tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí IMSP ní Dangbo, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ICTP, ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé tó wà ní Trieste, ní Ítálì. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò dárúkọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò tó jinlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ tíọ́rì èdè, ẹni tó bá sì mọ lọ́jíìkì ti gba ìdajì ọ̀nà kọjá. IFRI wà ní fásitì Abomey-Calavi fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà gan-an. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè wo fásitì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Àwọn ará Kétu sì wà létí ààlà: ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti lọ sí Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ fún àpérò, èdè ilé náà sì ni wọn yóò fi kí i níbẹ̀.

Mi ò lówó tí mo lè fi ra àpilẹ̀kọ ìwádìí. Báwo ni mo ṣe lè kà wọ́n?

Nínú ẹ̀ka tiwa, ìṣòro yìí kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé àtìgbàdégbà PACMPL, níbi tí àwọn àpérò ńlá bíi POPL àti ICFP ti ń tẹ iṣẹ́ wọn jáde, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo òǹkàwé láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Ọ̀fẹ́ ni arXiv, àkójọ àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni HAL, irú rẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé, ọ̀fẹ́ sì ni LIPIcs, àkójọ iṣẹ́ àpérò tí ilé Dagstuhl ní Jámánì ń tẹ̀. Bí èyí tí ẹ ń wá kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́. Inú wọn a máa dùn pé ẹnì kan fẹ́ kà á.

Àwọn ìpàdé wo ló yẹ kí n mọ orúkọ wọn?

POPL ló dàgbà jù nínú àwọn tó dojú kọ tíọ́rì, láti ọdún 1973. ECOOP bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1987, ICFP ní 1996, ETAPS ní 1998. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ìpàdé ọlọ́sẹ̀ kan wà ní ilé Schloss Dagstuhl ní Jámánì, láti ọdún 1990, níbi tí àwọn olùwádìí díẹ̀ ti ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń jiyàn pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Irú rẹ̀ wà ní Shonan, ní Japan. Ẹni tí wọ́n bá pè ló ń lọ sí àwọn méjì yìí, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ mí rí?

Kí ó kúrú. Àwa a máa fi ìkíni ṣí ọ̀nà, ó sì dára bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa; ẹni tó wọ ilé àgbà láìkí i ti ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba lẹ́tà rẹpẹtẹ lójúmọ́ láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí ń wá ohun kan ṣoṣo nínú ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́: ṣé ẹni yìí ti ka iṣẹ́ mi? Bí ìlà mẹ́ta náà bá jẹ́ ìkíni àti ìyìn, kò ní dé ìlà kẹrin.

Irú lẹ́tà tí a máa ń rí nìyí: «Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí sínú yàrá ìwádìí yín.» Ẹ lè fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹni tó sì gbà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé èyí: «Mo ka àpilẹ̀kọ yín. Mo gbìyànjú àpẹẹrẹ tó wà ní ìpín kẹta lórí OCaml 4.14, ó ṣiṣẹ́, lórí 5.0, ó kọ̀ ní ìlà 42. Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á, àtúnṣe mi sì nìyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lójú yín?» Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì yin ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju ti èkíní lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ ti lo alẹ́ mélòó kan nídìí iṣẹ́ náà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá tún dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àpilẹ̀kọ kan náà. Ó ṣeé ṣe kí òun ló kọ kóòdù ọ̀hún, ìyẹn ètò inú iṣẹ́ náà, kí ó sì ní àyè ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wo ni ẹni tí kò tíì lórúkọ lè fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe?

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ kóòdù àpilẹ̀kọ wò. Ọ̀pọ̀ àpérò ẹ̀ka wa ń ní kí àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ wọn wọlé fi sọ́fítíwíà tàbí ẹ̀rí wọn sílẹ̀, kí àwọn mìíràn lè gbé e sórí ẹ̀rọ tiwọn kí wọ́n wò ó bóyá òótọ́ ló ń ṣe ohun tí àpilẹ̀kọ sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí, púpọ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ náà sì máa ń gba ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì mówó wá, ṣùgbọ́n ẹ ó ka iṣẹ́ tuntun kó tó jáde, ẹ ó sì mọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní ibòmíràn ṣe ń ṣiṣẹ́. Láàárín ẹ̀yin àti wọn, kò sẹ́ni tó máa bèèrè fásitì tí ẹ ti wá.

PLMW jẹ́ àpérò ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń so mọ́ àwọn ìpàdé ńlá, ó sì máa ń ní owó ìrànwọ́ fún ìrìn àjò. SIGPLAN-M ń so akẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi láyé pọ̀ mọ́ olùdámọ̀ràn kan, tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ látìgbàdégbà lórí fídíò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò lè dá ẹ̀rí kékeré kan sínú mathlib, àkójọ ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń kọ fún Lean, ohun èlò tó ń yẹ ẹ̀rí wò bíi Coq. Wọn yóò tún un ṣe mọ́ yín lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, ojú sì lè kọ́kọ́ tì yín. Ó ń kọjá.

Ìṣòro wo ló wà lọ́dọ̀ tiwa tó lè di ìwádìí gidi?

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀rẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni ọmọdé yóò kà níbẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè gígùn rẹ̀ lọ́wọ́ Python, yóò sọ pé márùn-ún bí ọ àti ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo kọ̀ọ̀kan, tí ohùn orí wọn sì dá dúró; yóò sọ pé méje bí àmì ìsàlẹ̀ náà bá dá dúró. Lójú òǹkàwé, ìkọ̀wé méjèèjì rí bákan náà. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ Python bóyá wọ́n dọ́gba, yóò ní wọn kò dọ́gba. Èdè Swift ni yóò sọ pé mẹ́ta bíi ti ọmọdé, nítorí àwọn tó ṣètò rẹ̀ pinnu pé ohun tí ojú rí ni kí èdè máa kà.

Ní Benin, ọ̀rọ̀ náà tún di méjì. Ìlànà ìkọ̀wé orílẹ̀-èdè wa ní kí a kọ ọ́ ní ɔ̀rɛ́, ìlànà Nàìjíríà sì ní ọ̀rẹ́. Ti Benin jẹ́ márùn-ún nínú Python bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí ɔ àti ɛ kò ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Báwo wá ni ilé ìkàwé kan ní Kétu yóò ṣe wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀? Ṣé èdè kọ̀ǹpútà ló yẹ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, àbí àkójọ kóòdù tí a kọ sórí rẹ̀, àbí kí ìṣòro náà já lé ẹni tó ń kọ ètò lórí? Ìbéèrè ìṣètò èdè nìyẹn, àwọn olùwádìí ní India àti Vietnam sì ní ti ara wọn tó jọ ọ́.

Orúkọ tí a ń fún nǹkan nínú kóòdù tún ní tirẹ̀. Python ń sọ gbogbo orúkọ di irú ìkọ̀wé kan ṣoṣo kí ó tó fi wọ́n wéra, nítorí náà ọ̀rẹ́ tí èmi tẹ̀ àti èyí tí ẹ tẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Èdè JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó lè ka orúkọ méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ sí ohun méjì. Ẹni tó bá fi odidi ọ̀sán wá àṣìṣe bẹ́ẹ̀, bí ó ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ti ní orí kìn-ín-ní àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Báwo ni a ṣe ń bá ẹni tó wà lókè òkun ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́?

Git, ohun èlò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe kóòdù, ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì bá ipò wa mu ju bí àwọn tó ṣe é ti lè rò lọ: ẹ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà. Ìwé lórí homotopy type theory, tíọ́rì kan tó so ìṣirò pọ̀ mọ́ èdè kọ̀ǹpútà, tó jáde ní ọdún 2013, lẹ́yìn ọdún àkànṣe kan ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí tó ju ogún lọ kọ pọ̀ lọ́nà yìí láàárín oṣù díẹ̀.

Ní ti àkókò, Benin ń bá ilẹ̀ Faransé rìn nígbà òtútù wọn, wọ́n sì ń fi wákàtí kan ṣíwájú wa nígbà ooru. Gbèǹdéke àwọn àpérò ló máa ń da ènìyàn láàmú. Bí wọ́n bá kọ «23:59 AoE», ìyẹn «Anywhere on Earth», wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣú kẹ́yìn láyé. Ní ọ̀dọ̀ wa, aago 12:59 ọ̀sán ọjọ́ kejì ni. Ẹ ní òru kan sí i. Ẹ má sọ fún alájọṣiṣẹ́ yín, kí ó má baà fi í ṣe àfikún ọjọ́ ìsinmi.

Ta ló ń sanwó?

Ọ̀nà pọ̀, ìwé wọn sì pọ̀ ju owó wọn lọ. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà yín ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú. Horizon Europe, ètò owó ìwádìí Yúróòpù tó ń lọ láti 2021 dé 2027, lè fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Benin lówó tààrà bí a bá wà nínú ẹgbẹ́ tó kọ ìwé ìbéèrè. AUF wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi Faransé kọ́ni. Ìforúkọsílẹ̀ ní fásitì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ará Faransé ń pè ní cotutelle, sì ń jẹ́ kí ẹ lo apá kan ọdún nílé.

Ẹ bèèrè kókó kan kí ẹ tó gbà: ṣé wọn yóò sanwó kí n tó lọ ni, àbí wọn yóò dá a padà lẹ́yìn tí mo bá dé? Yúrò kan jẹ́ 655,957 fáráǹkì CFA. Owó ìforúkọsílẹ̀ tó bá jẹ́ 500 yúrò ti lé ní 327.900 fáráǹkì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kò sì tíì wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ ná an lápò ara rẹ̀ lè jẹ gbèsè kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láìtijú. Ọ̀pọ̀ àwọn olùṣètò kò ronú kàn án rí.

Físà ńkọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yín wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ní ilé aṣojú ní Kútọ̀nù, nítorí náà ẹ wádìí bóyá ìrìn àjò kan wà ṣáájú ìrìn àjò náà. Ẹ gba lẹ́tà ìpè tó sọ ẹni tó ń sanwó, àkọlé iṣẹ́ yín àti ọjọ́ gan-an. Kí ẹ sì ní ètò kejì: bèèrè ṣáájú bóyá alájọṣiṣẹ́ yín lè sọ̀rọ̀ dípò yín, tàbí bóyá ẹ lè sọ ọ́ lórí fídíò.

Orúkọ ta ló ń ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ?

Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ tíọ́rì, ọ̀pọ̀ ń to orúkọ ní ìlànà ábídí. Nínú iṣẹ́ ìṣètò sọ́fítíwíà, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló sábà máa ń ṣáájú. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga nílé bá ń ka ipò orúkọ láìmọ ìyàtọ̀ yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z yóò máa jẹ ìyà ábídí títí. Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú àpilẹ̀kọ pé ábídí ni a fi to orúkọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ rí fún oṣù mẹ́sàn-án. Èmi ni mo kọ ohun èlò tí gbogbo àbájáde rẹ̀ dúró lé. Nígbà tí àpilẹ̀kọ jáde, orúkọ mi wà lábẹ́ pátápátá, níbi ìdúpẹ́, wọ́n sì ṣì í kọ. Nígbà tí mo bèèrè, ó dáhùn pẹ̀lú ìyàlẹ́nu pé òun rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe. Kò parọ́: mi ò sọ ohun tí mo ń retí fún un rí. Ní báyìí, lẹ́tà kejì tí mo bá kọ sí alájọṣiṣẹ́ tuntun ti máa ń ní ìbéèrè náà nínú.

Ta ló ni kóòdù tí a jọ kọ?

Ó dá lórí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, àti lórí òfin ibi tí wọ́n ti gbà yín síṣẹ́. Bí fásitì kan bá ń san owó oṣù yín, ó ṣeé ṣe kí kóòdù jẹ́ tirẹ̀, kódà bí ẹ bá kọ ọ́ nílé ní alẹ́. Ẹ yan ìwé àṣẹ ìlò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní MIT gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ṣe ohun tó wù ú. GPL ní kí ẹni tó bá tún un ṣe tó sì pín in fi kóòdù rẹ̀ hàn. CeCILL, tí àwọn ilé ìwádìí Faransé gbé jáde ní ọdún 2004, bá òfin Faransé mu.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ẹ lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ lè tà. CompCert, compiler C tí Xavier Leroy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ pé kì í yí ìtumọ̀ padà, ṣí sílẹ̀ fún ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ mìíràn.

Bí èmi àti àwọn alájọṣiṣẹ́ mi kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí bí èdè ṣe yẹ kó rí ńkọ́?

Àwọn tó ṣáájú wa ti jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ WG 2.1 ti IFIP, àjọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àgbáyé, fọwọ́ sí ALGOL 68 ní ọdún 1968, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kan, Edsger Dijkstra àti Tony Hoare lára wọn, kọ ìjábọ̀ tiwọn láti sọ pé èdè náà kò dára tó. Niklaus Wirth, tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, èdè Pascal sì jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní ọdún 1970. Àwọn kan lára àwọn tó yapa ló wà nínú ìgbìmọ̀ mìíràn, WG 2.3, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1969, láti máa wo ọ̀nà ìkọ̀wé ètò fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé wọ́n kọ àtakò wọn sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, ó sì wà títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹni tó kàn dákẹ́ tí kò sì wá sípàdé mọ́ kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ṣé ìwádìí nìyẹn?

Fífi «bí» rọ́pò «if» jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì tó dára, ẹ ó sì kọ́ púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ìwádìí. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀: wọ́n ṣètò ALGOL 68 lọ́nà tí a fi lè túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Rọ́ṣíà. Ìwádìí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá bèèrè ohun tí ẹnì kan lè dán wò: ṣé ọmọ ọdún méjìlá ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń yára rí àṣìṣe nínú ètò tó kọ ní Yorùbá ju èyí tó kọ ní Faransé lọ?

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ó ti pàdé ohùn. Ká ní ẹ yan «kọ» láti gbé ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ, «kọ́» láti mọ ohun tuntun, «kọ̀» láti lé àṣìṣe padà. Ọmọ náà jókòó síwájú kíbọ́ọ̀dù Faransé tí kò ní àmì ohùn tó yẹ, ó tẹ «ko» nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbójú sókè wo olùkọ́ rẹ̀. Kí ni compiler yín yóò ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn: kó kọ̀ gbogbo rẹ̀, kó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, àbí kó wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká bí àwa ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì? Ẹni tó bá lè dáhùn èyí, kí ó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn pé ìdáhùn rẹ̀ kì í fún ètò kan ní ìtumọ̀ méjì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀.